Ìgbàyà Ike Tí Aṣẹsẹ̀ Mọ fún Kò-jókòó

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe ẹsẹ̀ fún àwọn tí kò lẹ́sẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹfun tó fi ń mọ nǹkan níbẹ̀ máa ń kùn ún láti irun orí dé bàtà, débi pé bó bá ń bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́, èèyàn á rò pé inú àpò ìyẹ̀fun ló sùn. Ẹsẹ̀ ló ń ṣe, apá ló ń ṣe, bẹ́líìtì ike tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀yìn tó wọ́ ró, òun náà ló ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ mọ́. Aṣẹsẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Èmi, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fẹ́, Bọ̀dá ni mo ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Búrẹ́dì ló ń yan tà. Ófúnnù onírin gàgàrà kan wà lẹ́yìn ilé wọn, ó ga dé àyà èèyàn, ó sì fẹ̀ tó pé ewúrẹ́ méjì lè dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ láìfara kanra. Yàrá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ófúnnù yìí ni mo ń gbé. Tíṣà ni mí, òórùn búrẹ́dì ló sì máa ń jí mi láràárọ̀ kí n tó gbọ́ ohùn àkùkọ.

Nígbà tí Bọ̀dá fẹ̀yìn tì, a rò pé yóò sinmi. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tún ilẹ̀kùn tí kò bàjẹ́ ṣe. Ó tú fáànù palẹ̀, ó tò ó padà, ìṣó méjì sì ṣẹ́ kù sílẹ̀ tí kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Lọ́jọ́ tó gbé àkàbà ti ògiri pé òun fẹ́ yẹ òrùlé wò, ẹ̀gbọ́n mi jáde sí i, ìyẹ̀fun lọ́wọ́ méjèèjì.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe. Ẹ má tú ilé lé wa lórí kẹ́ ẹ sọ pé àtúnṣe lẹ̀ ń ṣe."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Kò-jókòó wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Kò-jókòó ṣe jẹ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ọkọ̀ gun ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, tí wọ́n sì gé e lókè orúnkún. Bọ̀dá ló ṣe ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dè é mọ́ ọn, wọ́n ní kó rìn dé ara ògiri, kó padà wá jókòó. Ó rìn dé ara ògiri, ó padà, ó sì tún yí bìrí. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó tó, wá jókòó." Ó ní, "Mi ò jókòó mọ́." Ó rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn títí tí òrùn fi fẹ́ wọ̀, ìyá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá ló sọ ọ́ ní Kò-jókòó, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Bó ṣe ń dàgbà ni Bọ̀dá ń ṣe òmíràn fún un, ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá lápapọ̀. Ní báyìí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Òṣèré orí ìtàgé ni, ó ga, ohùn rẹ̀ sì lè dá ajá tó ń sáré dúró.

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wa. Ìyẹn náà jẹ́ nǹkan ìyanu fún ẹni tó bá mọ bí ó ti ṣòro tó láti fi irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀. Ó ní eré tuntun ti délẹ̀, òun ló ń ṣe balógun obìnrin tó dáàbò bo ìlú olódi kan. Òun máa gun odi, òun máa jà lórí rẹ̀, òun sì máa já bọ́ láti orí rẹ̀ sórí pèpéle tí wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sí.

"Wọ́n yá ìhámọ́ra onírin kan fún mi, Bàbá. Bí àpò sìmẹ́ńtì ni. Mo gun àkàbà ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó fà mí padà sílẹ̀. Wọ́n wá fi páálí ṣe òmíràn. Ìyẹn mu òógùn mi yó, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì."

"Ẹ̀wù ogun lo wá fẹ́ kí n máa rán báyìí?"

"Ẹ ò ní í rán an, Bàbá. Ẹ máa mọ ọ́n ni. Ike tẹ́ ẹ fi ń ṣe ẹsẹ̀ mi, ṣé kò lè ṣe àyà?"

Mo rí ọwọ́ Bọ̀dá lórí itan rẹ̀, àwọn ìka rẹ̀ ti ń gbéra.

Nínú pálọ̀ ni wọ́n ti wọn ara rẹ̀. Kò-jókòó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó dúró lórí ìwé ìròyìn tí a tẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń we báńdéèjì ẹlẹ́fun mọ́ ọn lára. Báńdéèjì yìí, bó bá ti kan omi, kì í pẹ́ tó fi ń gan bí ògiri. Bọ̀dá kọ̀yìn sí wọn, ó kọjú sí fèrèsé, ó ń pàṣẹ láti ibẹ̀. Èmi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń na abọ́ omi sí wọn.

"Kó mí sínú. Kó mú un dání. Ṣé ó ti dé abẹ́ apá?"

"Ó ti dé."

"Kó má rẹ́rìn-ín."

Bó ṣe sọ pé kó má rẹ́rìn-ín ni ẹ̀rín mú un. Báńdéèjì là, a tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà kejì, ó dúró bí òpó. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Háà, ó ń móoru!" Bọ̀dá ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí, bí ẹfun bá ti ń gan, á mú ooru wá, bí ẹni tó fẹ́ mí. Wọ́n gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n dè é padà, Bọ̀dá sì po ẹfun kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bó èèpo rẹ̀ kúrò. Àyà Kò-jókòó ló dúró ní igun ilé ìdáná, funfun báláú, pẹ̀lú egungun ọrùn rẹ̀ àti èjìká òsì tó fi díẹ̀ ga ju ọ̀tún lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé wá mú iyọ̀, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o," kó tó mọ ẹni tó ń kí. Ó gbá ara rẹ̀ lórí. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ya wèrè nínú ilé yìí."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọjọ́ tí wọ́n gbé ike sínú ófúnnù. Wọ́n ti kó búrẹ́dì jáde, iná ṣì wà. Ike náà jẹ́ pátákó funfun bíi wàrà, ó nípọn tó ọwọ́ ṣíbí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dádì, igun òsì ẹ̀yìn máa ń jó ju ibi tó kù lọ. Ẹ máa yí i."

"Ṣé búrẹ́dì ni?" Bọ̀dá dá a lóhùn. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń yan ike, ìyàwó mi."

"Inú ófúnnù tèmi kọ́ lẹ ti ń yan án o."

Bọ̀dá kò yí i. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń yọjú láti ẹnu ilẹ̀kùn irin. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ tí mi ò rí rí láyé mi. Funfun inú ike náà ń lọ. Ó kọ́kọ́ lọ létí, ó wá ń wọ àárín bọ̀, bí ìkùukùu tó ń ká kúrò lórí omi, títí gbogbo pátákó náà fi mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí mo ń gba inú rẹ̀ rí irin pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń gbọ̀n jẹ̀lẹ̀jẹ̀lẹ̀. Mo ti mí sínú, mo gbàgbé láti mí síta.

"Ó tó!" Bọ̀dá kígbe. "Ẹ gbé e!"

Ọwọ́ mẹ́fà nínú ìbọ̀wọ́ aláwọ ló gbé e jáde. A bo àyà ẹfun náà mọ́lẹ̀, Bọ̀dá ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fà á, ó ń fi ọwọ́ pa á bí ìyá tó ń para fún ọmọ. Kí n tó ka ọgọ́ta, gíláàsì náà ti ń funfun padà. Ike ti di èèyàn.

Ó gé e, ó fi sáńpépà pa etí rẹ̀, ó ṣe apá ẹ̀yìn rẹ̀ bákan náà, ó sì kùn wọ́n ní àwọ̀ irin tó ti rí ogun rí. Bí ẹ bá gbé e lé ọwọ́, ẹ ó rò pé ẹ̀ ń tan ara yín jẹ ni, torí ojú ń rí irin, ọwọ́ sì ń gbé ìwé. Apá òsì rẹ̀ fẹ́lẹ́ díẹ̀ níbi tí ófúnnù ti jó o jù. Bọ̀dá fi àtàǹpàkò kàn án, ó ní kò burú.

Ó burú. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ń dánra wò, Bọ̀dá àti èmi wà níbẹ̀. Kò-jókòó kò tilẹ̀ tíì gun odi. Ó kàn ṣubú sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí eré ti wí ni, a sì gbọ́ ìró kan, kà!, bí igi gbígbẹ tó dá. Ìgbàyà náà là láti abẹ́ apá òsì dé egungun ìhà. Ó há awọ ara rẹ̀ mọ́ àárín, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ. Kò-jókòó ní kò dun òun. Bọ̀dá gba ìgbàyà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi gèlè ẹnì kan wé e, ó sì gbé e wálé.

Lọ́jọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pe Kò-jókòó pé kó wá, kó má mú nǹkan kan dání. Ó gbé àpótí kékeré sí àárín àgbàlá, ó jókòó lé e, ojú rẹ̀ ṣe déédéé ìbàdí Kò-jókòó.

"Rìn."

Kò-jókòó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Bọ̀dá ní kó tún rìn. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Èmi náà wá rí ohun tí mi ò kíyè sí rí: bó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ òsì, ìbàdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbéra sókè, á ju ẹsẹ̀ náà síwájú, á sì sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá gbéra báyìí, etí ìgbàyà ló ń lù, níhà òsì tó fẹ́lẹ́ yẹn. Ìgbésẹ̀ kan kì í ṣe nǹkan kan. Ẹgbẹ̀rún ìgbésẹ̀ wá ńkọ́?

Bọ̀dá fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Mo gbàgbé."

"Kí lẹ gbàgbé?"

"Mo gbàgbé pé èmi ni mo ṣe ẹsẹ̀ yìí. Ìgbàyà ẹlẹ́sẹ̀ ẹran méjì ni mo mọ fún ẹ."

Kò-jókòó dúró, ó ń wò ó. Mo rò pé yóò bínú, tàbí kó sunkún. Ẹ̀rín ló bú jáde, ó wá rọra bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá, èmi náà máa ń gbàgbé."

Àfi bíi pé wọ́n tú Bọ̀dá sílẹ̀. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo wa pé òun kò yí ike náà, ó ní láti òní lọ òun ni ọmọ iṣẹ́ nídìí ófúnnù, òun kọ́ ni ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti gbọ́, kó lọ fọ ọwọ́.

Ó wá pè mí, ó mú àjákù páànù méjì jáde. Ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ, ìkejì ní ìgbì bíi ti orí òrùlé. "Tíṣà, gbé wọn dání létí." Eléyìí tó tẹ́ rọ̀ sílẹ̀ bí etí ajá. Eléyìí tó ní ìgbì dúró gbọn-in. "Irin kan náà ni, nínípọn kan náà ni. Kí lo rí?" Mo ní mo rí i. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, páànù sì wà lórí mi lójoojúmọ́, mi ò bi ara mi rí pé kí ló dé tó fi ní ìgbì.

Okùn ló mú. Ó gé okùn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà ẹfun náà lọ́nà márùn-ún, láti ọrùn sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí, bí iṣan ewé. Nígbà tí wọ́n bo ike tuntun lé e, ike gun orí okùn, ó sì di ìgbì. Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró ti ófúnnù lọ́tẹ̀ yìí, ó ń yí i, ó ń fi ojú wọn ọ́n, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ike náà mọ́ gaara lẹ́ẹ̀kan náà, igun kan kò ṣáájú igun kan. Bọ̀dá wò ó, ó mi orí, ó ní, "Ibo lo wà láti gbogbo ọdún yìí wá?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìdí búrẹ́dì."

Gbogbo ibi tí igun mímú wà, Bọ̀dá fi ẹnu ife yí i kó rí róbótó. Ó ní ibi igun mímú ni ìlà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, bí aṣọ ṣe máa ń ya láti ibi tí wọ́n bá ti fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ó mú ìgbàyà tó là, ó fi dírílì lu ihò kékeré kan sí ibi tí ìlà náà dé. "Ìlà kì í lè fo ihò róbótó. Bó bá dé ibẹ̀, á wá ọ̀nà, kò ní í rí." Lójú mi ló fi ọwọ́ méjèèjì fa ìgbàyà tó là yẹn. Ìlà náà dé etí ihò, ó sì dúró. Ara mi bù máṣọ. Ohun tí ń sá lọ, ohun tí èèyàn kò lè dì mú, òfo kékeré róbótó ló dá a dúró.

Ti ìbàdí ló pẹ́ jù. Gọ́ọ̀mù kì í mú irú ike yẹn, nítorí náà bóòtù àti nọ́ọ̀tì ló lò. Ó gé etí ìsàlẹ̀ ní apá òsì kúrò, ó fi pẹlẹbẹ ike mẹ́ta rọ́pò rẹ̀, ó tò wọ́n léra bí ẹ̀yìn ọ̀kùn. Bí ìbàdí bá gbéra, wọ́n á wọ inú ara wọn. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tú. Ó fi fóòmù ti mátíráàsì àtijọ́ tẹ́ inú rẹ̀.

Nígbà tó parí, ó gbé e wọ àyà ẹfun náà, ó fún mi ní igi tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń tẹ ìyẹ̀fun pẹrẹsẹ.

"Lù ú."

Mo lù ú.

"Tíṣà, ṣé ọmọ ilé ìwé lò ń nà ni? Lù ú!"

Mo tún lù ú. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kúrò níbẹ̀. Ó gba igi náà, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì gbé e lé ìgbàyà yẹn bí ẹni tí wọ́n jí búrẹ́dì rẹ̀ kó. Igi ta padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á níwájú orí. Ìgbàyà kò tilẹ̀ ní àpá.

"Ó ti pẹ́ tó o ti fẹ́ lu nǹkan mi," Bọ̀dá wí.

"Ó pẹ́ gan-an," ló dá a lóhùn.

Bọ̀dá wá bọ́ ìgbàyà náà, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó bọ́ bàtà, ó sì gun orí rẹ̀, tòun ti ikùn rẹ̀. Ìgbàyà náà rẹlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí èèyàn tó mí síta. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó mí sínú padà.

Ọ̀sán Sátidé ni eré bẹ̀rẹ̀. Ìlà kejì ni a jókòó sí. Kò-jókòó jáde nínú ìhámọ́ra yẹn, ẹnì kan lẹ́yìn mi sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Báwo ló ṣe ń gbé irin tó tó yẹn rìn?" Kò mọ̀ pé irin kọ́. Kò mọ̀ nípa ẹsẹ̀ náà. Kò-jókòó gun àkàbà, ó dúró lórí odi, ó jà, ó gba ọfà, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì já bọ́.

Tìmùtìmù ti yẹ̀ kúrò. A kò mọ ẹni tó tì í. A rí i pé orí pèpéle lásán ló ń bọ̀, àyà rẹ̀ sì gbá etí igi pèpéle náà kí ara rẹ̀ tó dé ilẹ̀. Ìró rẹ̀ kún gbogbo gbọ̀ngàn. Ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú. Bọ̀dá ti dìde. Gbogbo èrò rí i ní ojú àwọn òṣèré tó kù pé èyí kò sí nínú eré.

Kò-jókòó dùbúlẹ̀. Mo ka ẹyọ kan, mo ka èjì, mo ka ẹ̀ta. Ó gbé orí sókè. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ìbàdí òsì rẹ̀ gbéra, pẹlẹbẹ mẹ́ta náà ṣí bí ìka, ó sì dúró. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ lórí ìdùbúlẹ̀, ìdúró ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì lọ kan òrùlé. Mi ò gbọ́ irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Bọ̀dá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ṣì wà lórí ìdúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Ní yàrá ìmúra, wọ́n tú bẹ́líìtì, wọ́n bọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì kan tó wà láàárín èrò tẹ ìhà rẹ̀ wò kíákíá: ó pọ́n díẹ̀, kò sí egungun tó dá. Bọ̀dá dojú ìgbàyà náà sókè. Nínú rẹ̀, lábẹ́ fóòmù, ìlà kan tó funfun ju ibi tó kù lọ wà níbi tí etí igi ti gbá a, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ike ṣe ń ṣe bó bá gba ìyà tó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ tí kò sì fẹ́ là. Kò-jókòó fi ìka kàn án. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan náà kan ìhà ara rẹ̀, níbi kan náà gan-an.

"Bàbá," ló wá wí, "eré ṣì ku ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ó ṣì máa gbé mi?"

Bọ̀dá fi àtàǹpàkò tẹ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Fi sílẹ̀ fún mi di ọ̀la. Mo fẹ́ fi bóòtù mẹ́rin de ìgbì ike kan sí i mọ́ ọn."

Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sí abẹ́ apá, a sì ń rìn lọ sílé nínú òòrùn ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi níwájú, torí ìyẹ̀fun tó fi sílẹ̀ máa ti wú.